Ping ò dáhùn: ìyẹn ò sọ pé sáfà ti kú

Bí ìkànnì kan bá kọ̀ tí ò ṣí, ohun tí ọwọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣiṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì máa ń kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ni ping, àṣẹ kékeré tó ń bi ẹ̀rọ mìíràn pé ṣé ó wà. Tó bá dáhùn, a ó ní ara sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ tó gbé ìkànnì náà, le. Tí "Request timed out" bá jáde lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹjọ́ ti parí nìyẹn: sáfà ti kú, ẹ pe àwọn tó ni ín. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọṣẹ́, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀gá. Irọ́ ni níhà méjèèjì. Ping tí ò dáhùn kì í ṣe ẹ̀rí ikú, èyí tó dáhùn náà kì í sì í ṣe ẹ̀rí ìlera.

Mike Muuss ló kọ ping ní oṣù Kejìlá ọdún 1983, nílé ìwádìí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Aberdeen, ìpínlẹ̀ Maryland. Nẹ́tíwọ̀kì wọn ló ń ṣe ségesège, ó sì kọ ọ́ tán láàárín alẹ́ kan. Iṣẹ́ tó ń ṣe ò pọ̀: ó ń fi ICMP, èdè tí àwọn ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì fi ń jíṣẹ́ nípa ọ̀nà fúnra wọn, rán ìbéèrè kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Echo Request, ó sì ń dúró de èsì. Ó ń kágò lẹ́nu ọ̀nà ni. Ẹni tó gbọ́ "àgò onílé o" tí ò fèsì lè ti kú lóòótọ́, ó sì lè jókòó sí pálọ̀ kó kàn má fẹ́ dá yín lóhùn.

Nígbà kan, dandan ni kí ẹ̀rọ fèsì. RFC 1122, ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 1989, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tó máa fi di àárín ọdún 1990 sí 2000, àwọn oníjàǹbá ti sọ ìbéèrè yìí di ohun ìjà: wọ́n ń rán ping tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀rọ tó bá gbà á a sì kú fin-ín. Látìgbà náà ni àwọn alábòójútó ti ń ti ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2004, Microsoft tan firewall, ètò tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé sínú ẹ̀rọ, sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fi Service Pack 2 sórí Windows XP. Títí dòní, Windows tó wà lórí nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n sàmì Public sí kì í sábà dá ping lóhùn. Sáfà tí ẹ gbà lọ́dọ̀ Amazon náà ò ní dáhùn, àfi bí ẹ bá fọwọ́ ara yín ṣí ICMP fún un nínú security group rẹ̀, ìyẹn firewall tí Amazon fi ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ ni gbogbo wọn.

Báwo la ṣe wá ń mọ òótọ́? Bí ẹ̀rọ náà bá wà lórí nẹ́tíwọ̀kì kan náà pẹ̀lú yín, ẹ ping ẹ, ẹ má wo èsì, kí ẹ wá tẹ arp -a. Firewall tó ń di ICMP kì í di ARP, ètò tí ẹ̀rọ fi ń béèrè pé ta ló ni IP kan lórí nẹ́tíwọ̀kì. Tí adírẹ́sì MAC rẹ̀ (nọ́ńbà káàdì nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀) bá yọ síwájú IP yẹn, ó wà níbẹ̀, ó gbọ́ yín, kò kàn fẹ́ sọ̀rọ̀ ni. Tó bá sì jẹ́ pé "Destination host unreachable" ni ẹ rí, tó sì jẹ́ pé IP kọ̀ǹpútà tiyín gan-an ló ń sọ ọ́, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn: ARP ò rí ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ wo wáyà àti iná.

Bí sáfà bá wà lọ́nà jíjìn, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe gan-an ni kí ẹ bi í. Ìkànnì ń gbọ́ lórí pọ́ọ̀tù 443, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kì í gbọ́ lórí ICMP. Lórí Windows, ẹ lo Test-NetConnection pẹ̀lú -Port 443. Lórí Linux, nc -vz tàbí curl -v. Kí ẹ sì fara balẹ̀ ka ohun tó bá sọ. "Timed out" kò sọ nǹkan kan fún yín. "Connection refused" tí gbogbo ènìyàn ń sá fún, èmi a máa yọ̀ tí mo bá rí i, nítorí pé nǹkan kan fèsì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni: ó wà láàyè, ọ̀nà débẹ̀ sì ṣí, àmọ́ kò sí ètò kankan tó ń gbọ́ lórí pọ́ọ̀tù yẹn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, firewall iwájú rẹ̀ ló kọ̀ fún un.

Àṣìlóye yìí kan náà ló ń bá traceroute jà, àṣẹ tó ń to àwọn ráútà ojú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn á rí ìràwọ̀ mẹ́ta * * * láàárín, á ní ibẹ̀ ni ọ̀nà ti já, bẹ́ẹ̀ àwọn ráútà tó tẹ̀ lé e ń dáhùn kedere. Ọ̀nà tó já ò lè gbé yín kọjá. Ráútà ńlá ń ka iṣẹ́ gbígbé pákẹ́ẹ̀tì (ẹrù kéékèèké tí wọ́n pín ìsọfúnni sí) sí pàtàkì ju fífèsì ìbéèrè lọ, nítorí náà ó lè lọ́ra, ó sì lè dákẹ́. Bí ráútà ìkẹfà bá ka 180 ms tí ìkeje ka 22 ms, ìkẹfà ò jẹ̀bi nǹkan kan. Tracert ti Windows ń lo ICMP, traceroute ti Linux ń lo UDP, irú pákẹ́ẹ̀tì mìíràn, bí ẹ ò bá sọ fún un pé kó lo nǹkan mìíràn, nítorí náà méjèèjì lè sọ ìtàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nípa ọ̀nà kan náà.

Ó ku ping tó dáhùn. Gbogbo ènìyàn ló ń ping 8.8.8.8, wọ́n sì ń sọ pé "íntánẹ́ẹ̀tì wà". 8.8.8.8 kì í ṣe ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Google káàkiri ayé ló ń jẹ́ adírẹ́sì yẹn, èyí tó sábà máa ń sún mọ́ yín ló ń dá yín lóhùn. Ẹni tó wà l'Ékòó tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀nà London ṣí lọ́jọ́ bíi 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, tí wáyà WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, kò gbọdọ̀ fi 8.8.8.8 ṣe ẹlẹ́rìí.

Èyí tó ń dààmú ènìyàn jù ni ti MTU, ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí ọ̀nà kan lè gbé. Ping lọ, ping bọ̀, síbẹ̀ ojú ìwé ń yí, kò ṣí, pàápàá lórí VPN. Báítì 32 péré ni ping Windows ń gbé, pákẹ́ẹ̀tì gidi sì lè tó 1500. Ẹ gbìyànjú ping -f -l 1472 pẹ̀lú adírẹ́sì sáfà náà; -f ní kí ẹnikẹ́ni má gé pákẹ́ẹ̀tì náà, -l ni ìwọ̀n rẹ̀. Pẹ̀lú báítì 28 ti orí rẹ̀, 1500 gééré nìyẹn. Bí kò bá kọjá, ẹ máa dín in kù títí yóò fi kọjá. Ráútà tí ọ̀nà rẹ̀ há yẹ kó fi ICMP ránṣẹ́ padà pé pákẹ́ẹ̀tì ti tóbi jù, ṣùgbọ́n ẹnì kan ti di gbogbo ICMP pátá nítorí "ààbò", iṣẹ́ náà ò sì dé. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣètò firewall, Echo Request ni kí ẹ dí bó bá wù yín. Ẹ fi iṣẹ́ "pákẹ́ẹ̀tì ti tóbi jù" yẹn sílẹ̀: type 3 code 4 fún IPv4, àti type 2 fún IPv6.