Ọmọláńgidi inú páálí náà ń darúgbó

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta taya ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń wá taya sí ọkọ̀ mi láàárín ìgboro Ìlọrin, ọ̀gá kan bá yí ọ̀kan síwájú mi, bébà rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lára. "Àáfà, ẹ wò ó, kò tíì tẹ títì rí. Inú sítọ̀ ló ti ń bọ̀." Mo bẹ̀rẹ̀, mo wá nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya, mo rí 1415. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ọdún 2015 ni wọ́n ṣe é nìyẹn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, taya yìí ti darúgbó o." Ó wò mí bí ẹni pé ara mi ò yá. "Taya tí a ò lò? Kí ló máa sọ ọ́ di arúgbó?"

Ìgbàgbọ́ yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí, pé ohun tí a kò bá fọwọ́ kàn kì í bàjẹ́. Inú rẹ̀ la dàgbà sí. Ìyá mi àgbà ní Pàkátà to abọ́ tánganran ìgbéyàwó wọn láti ilẹ̀ dé òkè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi jẹun, wọ́n sì ń dán títí di òní. Àbí ta ni máa bá Ìyá jiyàn?

Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan náà ni mo ń bá pàdé níbi fàájì mi, láàárín àwa tí a fẹ́ràn ọmọláńgidi àti àwọn ohun èlò kéékèèké inú sinimá àtijọ́, tí a máa ń ṣọ́ iye tí wọ́n ń tà wọ́n ní gbàǹjo lókè òkun. Ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan máa ní: "Bí wọ́n bá ti gbé ojúlówó ọmọláńgidi King Kong, ọ̀bọ ńlá inú fíìmù 1933, sínú páálí, tí wọn ò ṣí i, bó ṣe wà lọ́jọ́ náà ló máa wà lónìí." Irọ́ ni.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní stop-motion nìyí. Wọ́n á gbé ọmọláńgidi kalẹ̀, wọ́n á yà á ní fọ́tò kan, wọ́n á sún apá rẹ̀ díẹ̀, wọ́n á tún yà á. Fọ́tò mẹ́rìnlélógún ló ń jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Torí náà Kong kì í ṣe ènìyàn tó wọ awọ ọ̀bọ, bí àwọn kan ṣe ṣì ń sọ. Ọmọláńgidi tí gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bí ínṣì 18 lọ ni, pẹ̀lú èyí tó tóbi díẹ̀ sí i fún àwọn ìran inú New York. Marcel Delgado ló mọ ọ́n: eegun irin tó ní oríkèé nínú, òwú àti oje rọ́bà lórí rẹ̀, awọ ehoro lókè pátápátá. Bí ẹ bá wo irun rẹ̀ dáadáa nínú fíìmù náà, ẹ ó rí i tó ń rú gùdùgùdù bí ìgbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Ìka ọwọ́ àwọn tó ń sún un ló ń ṣe bẹ́ẹ̀! Àwọn òǹwòran kan tilẹ̀ rò pé ìbínú ló mú un.

Ibi tí ikú wà ni rọ́bà yẹn. Fọ́ganáísà ni bàbá mi, nítorí náà mo mọ òórùn rẹ̀ kí n tó mọ̀wé kà. Nígbà tó yá, àwọn tó ń ṣe ọmọláńgidi bẹ̀rẹ̀ sí í po oje igi rọ́bà mọ́ imí-ọjọ́, wọ́n á lù ú bí ẹni tó ń ṣe kéèkì ṣe ń lu ẹyin títí yóò fi hó, wọ́n á dà á yí eegun irin ká nínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi POP ṣe, irú POP tí a fi ń ṣe àjà ilé, wọ́n á wá yan án nínú ófùn. Ó máa ń rọ̀, ó sì máa ń tẹ̀ bí ẹran ara. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kí rọ́bà fà ni pé ó dà bí okùn gígùn tó lọ́ mọ́ ara wọn, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ sì ń já okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń bá a já a. Ó lè kọ́kọ́ máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, lẹ́yìn náà yóò gan, yóò wá máa rún. Èyí tí wọ́n lù bí ẹyin yìí ló burú jù, torí pé ihò afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Ẹ ti páálí pa, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí i, inú ilé lẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ olè sí.

Ti taya tilẹ̀ tún jọ ni lójú. Ìda kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kí ojú rẹ̀ má baà sán, bí taya bá sì ṣe ń yí lójú títì ni ìda náà ń jáde sójú rẹ̀. Èyí tó jókòó sí sítọ̀ kò rí ìyẹn gbà.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Kong fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ gbàǹjo Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù ta ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n lò ní £121,250. Kí ni wọ́n tà? Eegun irin, nǹkan bí ínṣì 22. Èyí tó pọ̀ jù nínú òwú, rọ́bà àti awọ ehoro ti jẹrà tán. Owó ńlá yẹn, eegun ni wọ́n fi rà.

Èmi náà ti jẹ nínú ìyà yìí. Ní 2011 mo ṣe ọmọláńgidi ìjàpá kan, ìgbà àkọ́kọ́ tí rọ́bà mi hó dáadáa. Mo fi náílọ́ọ̀nù wé e yípo, mo gbé e sórí wọ́dúróòbù nílé wa ní Tanke, lábẹ́ páànù tí oòrùn ń sun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, wọn ò sì fọwọ́ kàn án. Ọdún 2019 tí a fẹ́ kó kúrò ni mo tú u. Bí gààrí tó ti dà sílẹ̀ ló rí, apá kan lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù. Níbi tí mo ti fi wáyà bàbà ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti burú jù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀tá rọ́bà ni bàbà, ó ń mú kó tètè jẹrà.

Ọ̀rẹ́ mi kan bá mi jiyàn pé àwọn ère Èsìẹ́ ńkọ́, tó jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n wà fún ọdún gbọọrọ kí wọ́n tó kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn ní 1945, èyí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Òkúta nìyẹn, ọ̀rẹ́! Ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ti kán lórí. Ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan ni kí á máa bi ara wa.

Ẹ wo ọmọláńgidi Rudolph, àgbọ̀nrín onímú pupa, àti Santa inú eré Kérésìmesì ti 1964, tí wọ́n ṣe ní Japan. Igi, wáyà àti aṣọ ló pọ̀ lára wọn. Wọn ò ti àwọn wọ̀nyí mọ́ páálí o: ọwọ́ akọ̀wé iléeṣẹ́ tó gbé eré náà jáde ni wọ́n bọ́ sí, àwọn ọmọdé ẹbí rẹ̀ sì ń fi wọ́n ṣeré lábẹ́ igi Kérésìmesì lọ́dọọdún. Imú pupa Rudolph sọnù, ìdajì irun òkè ètè Santa náà lọ, kí wọ́n tó tún wọn ṣe. Ní 2020 wọ́n tà wọ́n ní $368,000.

Ray Harryhausen, ọ̀gá nínú iṣẹ́ stop-motion, tí egungun méje rẹ̀ bá ènìyàn jà nínú fíìmù 1963, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bàbá rẹ̀ ló ń fi ẹ̀rọ gé eegun irin fún un, ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ. Ó máa ń tú ọmọláńgidi àtijọ́ kí ó lè fi eegun rẹ̀ ṣe tuntun, nígbà tó sì dàgbà, ó fi idẹ rọ púpọ̀ nínú àwọn ẹranko rẹ̀, kí ìrísí wọn má baà bá rọ́bà lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ ra, ẹ má bi ẹni tó ń tà bóyá wọ́n ti ṣí i rí. Ẹ bi í pé kí ló wà lábẹ́ awọ yẹn, ta ló tún awọ bò ó, nígbà wo? Bó bá ní rọ́bà 1933 ni, tó sì ń rọ̀ bí ìṣù ẹ̀kọ, ẹ rọra kó owó yín padà sápò. Bó bá sì ti wà lọ́wọ́ yín, ibi tútù, ibi òkùnkùn, bébà tí kò ní ásíìdì. Ẹ yọ náílọ́ọ̀nù kúrò, ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Wáyà ìjàpá mi ṣì wà lórí tábìlì. Mo yọ bàbà ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi irin sí i, àbíkẹ́yìn mi sì ti fi àkísà wé e lára. Ó ń rìn lórí fóònù báyìí, ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ.