Ẹ Yé Rọ Pure Water Sínú Mọ́tò Mi

Mo ti sọ ọ́ fún mẹkáníìkì, mo ti sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, mo ti sọ ọ́ fún ọmọkùnrin tó ń fọ mọ́tò, màá tún sọ ọ́ níbí torí inú ń bí mi gan-an: ẹ yé rọ omi sínú mọ́tò mi. Kò sẹ́ni tó rán yín. Bíréèkì pádì ni mo ní kẹ́ ẹ pààrọ̀ o, bíréèkì pádì nìkan, ẹ ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ feyín ja pure water, ẹ dà á sínú táńkì kúláǹtì, ìyẹn oje tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín sí mi, "Mádáàmù, a ti bá yín fi omi sí i o, ẹ rí nǹkan ṣe fún wa." Kí n rí kí ni ṣe? Ẹ ba nǹkan onínǹkan jẹ́ tán, ẹ tún ń tọrọ owó lé e.

Tí mo bá wá ní kúláǹtì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa sọ: "Kúláǹtì yẹn, ti àwọn òyìnbó ni, torí sínóò ni." Ẹ̀n-ẹ́n. Òótọ́ ni, ó wà lára iṣẹ́ ẹ̀ pé kí omi má dì nílùú òtútù, mi ò bá yín jiyàn, sínóò ò sì já bọ́ l'Ágége rí. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé iṣẹ́ tó ń ṣe ò ju ìyẹn lọ? Omi lásán tí kò sí kọ́fà tó dé e, tó bá ti dé 100 digíríì, ó ti ń hó nìyẹn, tí kọ́fà bá tiẹ̀ dé e, ó ṣì máa hó ṣáájú kúláǹtì. Kúláǹtì tí wọ́n pò mọ́ omi ní ìlàjì-ìlàjì, tí kọ́fà rédíétọ̀, ibi tó ti ń lọ tutù, ṣì ń dé e pinpin, ó máa kọjá 120 kó tó hó. Ibo la ti wá nílò ẹ̀ jù, ìlú sínóò ni àbí orí Third Mainland láago mẹ́ta ọ̀sán, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, tí AC ń ṣiṣẹ́, tí atẹ́gùn kankan ò fẹ́ síwájú mọ́tò? Ẹ dá mi lóhùn!

Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà ńkọ́? Inú kúláǹtì ló wà, kò sí nínú omi bọhóòlù. Omi bọhóòlù tiẹ̀ ní ẹfun tiẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń lẹ̀ mọ́ inú rédíétọ̀, ihò inú rédíétọ̀ ò sì tóbi rárá, díẹ̀díẹ̀ ló ń dí, títí omi ò ní ráyè kọjá mọ́. Wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ lọ ra rédíétọ̀ tòkunbọ̀. Ẹ bá dé ibẹ̀ ẹ tún ra èyí tí ẹlòmíì ti fi omi bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ thermostat ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan péré, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe ni kí wọ́n tú u jù sọnù, "kò wúlò fún wa ní Nàìjíríà." Ta ló ní kò wúlò? Nǹkan yẹn máa ń pa dé títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé ìwọ̀n tó yẹ, bíi 82 nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, kó tó ṣílẹ̀ fún omi láti lọ tutù nínú rédíétọ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó móoru, kọ̀ǹpútà inú mọ́tò á máa rò pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni, á máa fún un lépo lé epo. Epo wo? Epo tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí ẹ̀ láti 2023! Ẹ padà lọ bá ọ̀gá náà pé mọ́tò ń jẹ epo, ó ní ká fọ nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì. Ó tún gbowó ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni rewáyà á dé, á so fáànù tó ń fẹ́ rédíétọ̀ ní dáírẹ́ẹ̀tì kó máa yí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá ìdí tí fáànù ò fi dá ṣiṣẹ́.

Kí mọ́tò wá gbóná lójú títì, èéfín ń rú, gbogbo èèyàn ti di ẹnjiníà nìyẹn. "Ẹ ṣí kọ́fà yẹn! Ẹ ṣí i kó lè mí!" Kó mí sí ojú ta ni? Omi tó wà nínú ẹ̀ ti kọjá ibi tó yẹ kó hó, kọ́fà yẹn ló fún un mọ́lẹ̀, ẹ ṣí i báyìí, gbogbo ẹ̀ á di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bẹ́ sókè sí ojú àti àyà ẹni tó ṣí i. Àwọn kan á tún bu omi tútù lé e, kí orí ẹ́ńjìnnì sán tàbí kó wọ́, kí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì tó dí àárín orí yẹn àti ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ pa AC, ẹ tan hita dé òpin, mo mọ̀ pé ara yín á gbóná, ẹ fara dà á, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ jókòó. Ẹ ra gúgúrú. Títí tẹ́ ẹ bá lè di họ́ọ̀sì òkè mú tí kò jó yín lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ omi nìkan lẹ rí nígbà yẹn, ẹ fi gbé e délé, mi ò bínú sí ìyẹn, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá délé ẹ dà á nù kẹ́ ẹ fi kúláǹtì sí i.

Mọ́tò kékeré bíi tèmi tiẹ̀ wá burú, kò ní gééjì, iná búlúù ló ń tàn tó bá tutù, pupa tó bá ti gbóná kọjá. Kí pupa yẹn tó tàn, ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń wo táńkì kúláǹtì fúnra mi láàárọ̀, kí n tó ṣíná, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Táńkì funfun yẹn, LOW wà nísàlẹ̀, FULL wà lókè, ojú lásán lèèyàn fi ń rí i, kò gba kí n fọwọ́ kan kọ́fà rédíétọ̀. Tó bá ti wálẹ̀, màá fi irú kan náà lé e, mi ò ní jẹ́ kó kọjá FULL torí ó máa ń wú tó bá gbóná. Ọwọ́ mi ò sì ní sún mọ́ fáànù tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wakọ̀ dé, nínú mọ́tò míì ó lè dá yí lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì.

Irú kan náà yẹn gan-an, kí n tó rí i rà, ìjà ni. "Gíríìnì ni àbí rẹ́ẹ̀dì?" "Mádáàmù, bákan náà ni." Kì í ṣe bákan náà! Àwọ̀ tiẹ̀ kọ́ la ń wò, ohun tó wà nínú ìwé mọ́tò la ń wò, òmíì á dì bíi pé èèyàn po ògì tí wọ́n bá lú u pọ̀. Òmíì wà tó jẹ́ ògidì, ẹ gbọ́dọ̀ fi distilled water là á, òmíì sì ti là á tán. Ẹni tó ń tà á ò mọ̀, kò sì fẹ́ mọ̀. Àwọn kan ò tiẹ̀ ta kúláǹtì, omi aláró ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń da èyí tó ti gbó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó máa ń dùn lẹ́nu, májèlé ni, ẹ ń wo ewúrẹ́ tó ń lá a.

Èyí tó bí mi nínú jù lọ́sẹ̀ yìí ni pé mo ní táńkì mi ń lọ sílẹ̀, ọ̀gá ní, "Ó máa ń mumi díẹ̀díẹ̀ ni, Mọ́mì." Mọ́tò wo ló ń mumi? Wọ́n dé e pa ni, kò yẹ kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ó ń jò níbì kan, bóyá họ́ọ̀sì, bóyá wọ́tà pọ́ǹpù, bóyá rédíétọ̀, tó bá sì jẹ́ tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì ni ẹ sọ fún mi kí n mọ̀. Ẹ wá ibẹ̀ rí, ẹ dá iye ẹ̀ lé mi, mo máa san. Ẹ ṣáà gbé pure water yẹn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò mi.