Delete tí kì í pa nǹkan rẹ́

Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi kí n tó sùn. JavaScript, èdè tí a fi ń kọ kóòdù fún ojú ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, bí mi nínú.

Mo ṣe ojú ewé kékeré kan fún ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Wọ́n á tẹ iye kóńgò sí i lórí fóònù wọn, yóò sì bá wọn ṣírò owó. Oníbàárà wọn àtijọ́ máa ń jẹ ẹ̀dínwó 500 náírà. Mo wá fi var, ọ̀rọ̀ tí a fi ń kéde orúkọ tó máa di iye kan mú, kọ var edinwo sókè pátápátá, ó di global variable, èyí tí gbogbo kóòdù náà lè lò. Tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì oníbàárà, ó di 500. Tí ọjà bá parí, mo ní kó delete edinwo, ìyẹn ni pé kó pa á rẹ́.

Ní Sátidé, ìyá pè mí. "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo ní kí n máa dín owó fún gbogbo ayé ni?"

Mo wọ máíkírà láti Mọ́kọ́lá, mo débẹ̀. Ìyẹ̀fun èlùbọ́ ti bo ojú fóònù náà. Mo fi etí aṣọ mi nù ún. Wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí i níkọ̀ọ̀kan: èèyàn mọ́kànlá tí kò tọ́ sí ló ti jẹ ẹ̀dínwó. 5,500 náírà. Wọn ò bú mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ohun tí mo fi var kéde, delete kò lè pa á rẹ́. "False" (bẹ́ẹ̀ kọ́) ló ń dá padà, kò pariwo, iṣẹ́ sì ń lọ, 500 náà sì wà níbẹ̀ de oníbàárà tó kàn. Ká ní edinwo = 500 lásán ni mo kọ, láìsí var, ì bá ti pa á rẹ́! Bẹ́ẹ̀ 'use strict', gbólóhùn tí a fi ń ní kí JavaScript má gbójú fo irú àṣìṣe báyìí, ti wà láti 2009. Ká ní mo kọ ọ́ sókè ni, tó bá ti rí delete edinwo yẹn, kò ní jẹ́ kí kóòdù náà ṣiṣẹ́ rárá. Ó mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn. Kí ló dé tó fi ń dákẹ́ títí a ó fi bẹ̀ ẹ́?

Àwọn kan á ní ta ló ní kí n lo global. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́yìn ná.

Mo ti sọ edinwo di 0 fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ó ti dára. Ṣùgbọ́n mo ní ojú ewé mẹ́rin mìíràn lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Mo fẹ́ fi 'use strict' sí gbogbo wọn lálẹ́ yìí, mo sì rí irú delete yẹn bíi mélòó kan nínú wọn. Tí mo bá fi sí i, wọn ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ láàárọ̀, ọ̀la sì ni ọjọ́ ọjà. Mo ṣì jókòó tì í.