Ìdọ̀họ Gorí Ògiri

Mo dé ilé àbúrò mi nígbà tí ọdún ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo bá ìdọ̀họ lára ilẹ̀kùn. Ìdọ̀họ tí ẹ mọ̀ yẹn náà ni, aṣọ àpò, tí wọ́n ká róbótó bí òṣùká, tí wọ́n fi ìṣó kọ́ síbi tí ojú àlejò yóò ti kọ́kọ́ bà á. Ẹsẹ̀ mi dúró. Èmi tí wọ́n fi Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi tọ́ dàgbà, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni aṣọ bẹ́ẹ̀ ní lójú mi. Mo ṣí fìlà. Mo wolẹ̀ yíká bóyá mo lè rí eérú. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ ìtùnú jọ sẹ́nu kí ìyàwó àbúrò mi tó ṣílẹ̀kùn tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ẹ káàbọ̀, Bọ̀dá mi! Ẹ ti rí i? Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é o."

"Ìyàwó wa, ta ló kú?"

"Háà, Bọ̀dá mi! Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀ṣọ́ ọdún ni."

"Òṣùká yìí?"

"Kì í ṣe òṣùká, ẹ jọ̀ọ́. Adé ilẹ̀kùn là ń pè é."

Mo dá fìlà mi padà sórí, mo wọlé. Ìdọ̀họ ló nà gbọọrọ lórí tábìlì bí ọ̀já tó ń wá ọmọ tí yóò pọ̀n. Ìdọ̀họ ló wé mọ́ ìgò, òun ló wé mọ́ ìkòkò òdòdó, òun náà ni wọ́n gé ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n so kọ́ ara ògiri bí àsíá ìlú tí kò lọ́ba. Ìrọ̀rí kan wà lórí àga tí mo fẹ̀yìn tì. Kí n tó mu omi tán, ó ti họ mí lẹ́yìn dójú ẹ̀jẹ̀. Ọba Nínéfè tó bọ́ aṣọ ìgúnwà sílẹ̀ tó fi aṣọ ọ̀fọ̀ bora, àánú ló ń tọrọ. Bó bá jẹ́ ayé tiwa ló wà ni, wọn ì bá ya fọ́tò rẹ̀, wọn ì bá sì bi í níbi tó ti rí aṣọ náà rà. (Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí onímọ̀ Bíbélì kan tó gbá mi mú: irun ewúrẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi hun aṣọ ọ̀fọ̀ ayé ìgbà náà. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ká họni, ọmọ ìyá ni wọ́n.)

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń bá àṣà yìí rìn: "ó rọrùn" àti "àfọwọ́ṣe ni". Ẹ jẹ́ ká mú ìrọ̀rùn yẹn wò ná. Kí òṣùká kan ṣoṣo tó lè dé ara ilẹ̀kùn, wáyà tí wọ́n ti tẹ̀ ní róbótó ni èèyàn ń kọ́kọ́ wá. Ó tún kan ìdọ̀họ tí wọ́n gé ní ríbọ́ọ̀nù, tí wáyà tín-ín-rín wà létí rẹ̀ méjèèjì kó lè gbé àyà sókè. Ó kan ìbọn gọ́ọ̀mù, ó kan ọ̀pá gọ́ọ̀mù tí ìbọn ń jẹ, ó kan sísọ́ọ̀sì tuntun, nítorí ìdọ̀họ ti mú kí ti àtijọ́ kújú. Léèsì funfun ńkọ́? Bọ́tìnì onígi ńkọ́? Èso gbígbẹ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà kó lè jọ èso gbígbẹ ńkọ́? Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, fídíò kan wà tí èèyàn gbọ́dọ̀ wò, nínú èyí tí obìnrin kan tí èékánná rẹ̀ mọ́ roro parí iṣẹ́ náà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì mí kanlẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí gba ìyàwó wa láti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Àbúrò mi ló dáná ní gbogbo ìgbà yẹn. Ó rù díẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n, nítorí wọ́n ní kí èmi náà jókòó dá sí i. Ihò ara ìdọ̀họ ò yàtọ̀ sí ti asẹ́. Bí èèyàn bá ta gọ́ọ̀mù gbígbóná sí i níwájú, ẹ̀yìn ló ń gbà jáde, ìka tó dì í mú ló sì ń lọ kí. Ìka mẹ́ta ló bó lára mi. Mo na ọwọ́ sí ìyàwó wa kó lè ṣàánú mi, ó na tirẹ̀ sí mi: mẹ́rin. Ó ní, "Ẹ máa mọ́ ọn, Bọ̀dá mi." Bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń gé e ló ń tú. Bí ò bá tú, á máa gbọn èérún kalẹ̀ bí igi tí ìkán ń jẹ. Mo sín láti ọ̀sán dalẹ́. Àbúrò mi ń gbá ilẹ̀ lọ, ń gbá ilẹ̀ bọ̀, ọbẹ̀ ń jó lórí iná.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo gbádùn, mi ò ní purọ́. Bí èèyàn bá fẹ́ gé ìdọ̀họ kó gún régé, kì í fi rúlà sàmì sí i. Á ṣa fọ́nrán okùn kan ṣoṣo létí aṣọ, á rọra fà á títí yóò fi yọ pátápátá, ojú ọ̀nà tóóró kan á ṣí sílẹ̀ láti etí kan dé èkejì, sísọ́ọ̀sì á sì gba ibẹ̀ kọjá bí ẹni rìn lójú títì. Mo ṣe é nígbà mọ́kànlá. Márùn-ún péré ni wọ́n nílò.

Nígbà èwe mi, bí wọ́n bá fẹ́ bú èèyàn kó wọ̀ ọ́ lára, "ará oko" ni wọ́n ń pè é. Lónìí, ẹ wọ ilé onídọ̀họ, ẹ ní, "Ilé yín jọ ilé ará oko," ẹ ó rí bí inú onílé yóò ṣe dùn. Ṣùgbọ́n oko wo? Oko tí ejò ò sí, tí ọkọ́ ò sí, tí wọn kì í jí lọ ní ìdájí, tí kò sí gbèsè irúgbìn lọ́rùn ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àgbẹ̀ kan wà tí mo mọ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ba nǹkan, àga aláwọ tó ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀ ló rà, kò sì tú ọ̀rá ara rẹ̀ kúrò kí eruku má baà kàn án. Ìdọ̀họ kún àká rẹ̀ fọ́fọ́. Àká náà ló sì fi í sílẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ ti ń tẹ àmì ẹrù àtijọ́ sára ìdọ̀họ tuntun báyìí, nọ́ńbà tó ṣá díẹ̀, lẹ́tà tó ya díẹ̀, kó lè dà bíi pé ó ti sọdá òkun rí. Ìyàwó wa fi ọ̀kan hàn mí tìdùnnú-tìdùnnú. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí, àfi bóyá ọkọ̀ tó gbé e wá látinú ilé ìtajà.

Ìdọ̀họ tòótọ́ kì í ṣe ọmọ ọ̀lẹ. Ara igi jute ni okùn rẹ̀ ti ń wá. Oríṣi méjì ni wọ́n ń gbìn fún okùn, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ni ewédú. Bẹ́ẹ̀ ni, ewédú. Wọ́n kàn jẹ́ kó ga kọjá orí èèyàn ni. Íńdíà àti Bangladesh ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ó ń lo bí 120 ọjọ́ lóko, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ pípẹ́ títí èèpo rẹ̀ yóò fi rà, àgbẹ̀ á wá wọ inú omi náà dé ìbàdí, á máa fọwọ́ bó okùn kúrò lára igi. Àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń wí nìyẹn gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò rí ọwọ́ gbẹ débi tí yóò fi ya fọ́tò. Láyé ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n ń kó okùn yìí lọ sí Dundee ní Scotland, níbi tí wọ́n ti ń fi òróró àbùùbùtán rọ̀ ọ́ kí ẹ̀rọ tó lè ran án. Lọ́dún 1855, ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ ní Rishra nítòsí Calcutta ní Íńdíà. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, èyí tó pọ̀ jù nínú oko rẹ̀ bọ́ sí òdìkejì ààlà, ilé iṣẹ́ sì kù sí Íńdíà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àpò rẹ̀ ni wọ́n rọ yanrìn kún tí àwọn ọmọ ogun ń sá sẹ́yìn rẹ̀ kí ọta má baà bà wọ́n. Ó ru kòkó, ó ru kófì, ó ru ọkà. Àwọn òyìnbó ìlú ọba ń pè é ní hessian, wọ́n ní láti Hesse ní Jámánì; Amẹ́ríkà ń pè é ní burlap. Ẹ pè é bó ṣe wù yín, alábàárù ni.

Ìgbà tó yá ni àpò ọ̀rá dé. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, omi ò lè ràn án. Bí alábàárù àgbà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù iṣẹ́ nìyẹn, kófì àti kòkó wà lára àwọn tó ṣì ń bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì mìíràn á lọ jókòó jẹ́jẹ́. Tiwa yìí bọ́ ẹrù lórí, ó so léèsì mọ́ ọrùn, ó di gbajúmọ̀.

Wọ́n ní ohun tí àwọn fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ohun àdánidá ni, kì í ṣe ayédèrú. Òótọ́ ni, ìṣòro wọn gan-an sì nìyẹn, nítorí ohun àdánidá a máa jẹrà. Òjò pa á, ó hu. Oòrùn pa á, ó ṣá. Tuntun rẹ̀ tún ń rùn epo, torí ilé iṣẹ́ ṣì ń fi epo rọ okùn náà, epo tí wọ́n yọ lára epo rọ̀bì sì ti gba iṣẹ́ àbùùbùtán. Ìyàwó wa sá a síta fún ọjọ́ mẹ́ta kí òórùn náà tó rọlẹ̀. Ó wá fín ọ̀dà aláìláwọ̀ sí i kó má baà hu, ó fín nǹkan mìíràn sí i kó lè le, ó sì fi òórùn dídùn kan parí rẹ̀. Mo wo ara agolo: "Òórùn Àdánidá". Ó wá gbé àbẹ́là sáàárín gbogbo rẹ̀. Okùn gbígbẹ, epo, ọ̀dà, iná. Mo dúró kó yíjú, mo fẹ́ àbẹ́là pa.

"Bọ̀dá mi, ta ló pa àbẹ́là?"

"Afẹ́fẹ́ ni."

Ó tún un tàn. Afẹ́fẹ́ tún dé.

Lára ilẹ̀kùn níta, ó fi ọ̀dà funfun kọ Ẹ KÁÀBỌ̀ sára òṣùká náà gàdàgbà. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà lára ilẹ̀kùn kan náà, wọ́n sì fi bébà lẹ̀ ẹ́ nísàlẹ̀: "Ẹ tẹ aago, ẹ dúró níta."

Ṣùgbọ́n aládùúgbò rẹ̀ ló fojú rẹ̀ rí màbo. Obìnrin yẹn náà kọ́ ìdọ̀họ, àmọ́ tirẹ̀ jẹ́ àpò gidi, ó gbó, ó lu, ó lábàwọ́n tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó fà á. Ìyàwó wa ò sùn. Aṣọ là ń kí kí á tó kí èèyàn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò sọ fún wa pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹni tí aṣọ tirẹ̀ bá fàya jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ kí. Ní ọjọ́ kẹta, mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin họ ìdọ̀họ tuntun kó lè gbó. Ó bi mí bóyá tíì lè fún un ní àbàwọ́n tó bójú mu.

Kò sì sí ìsinmi nínú ọdún. Ìgbà ìkórè, ó gé e ní elégédé. Ìgbà òtútù, ó kun yìnyín sí i lára. Ìgbà ìrúwé, ehoro, tí ìrù rẹ̀ jẹ́ bọ́ọ̀lù òwú. Ìdọ̀họ kan náà ló ń pààrọ̀ ìrù.

Mo tún padà lọ nígbà tí ọdún kọjá, ọjọ́ tí wọ́n ń tú ọ̀ṣọ́ palẹ̀. Ìwé àtijọ́ tó jẹ́ ti bàbá wa ni mo wá kó, ó pọ̀, ó wúwo, mi ò sì mú nǹkan kan dání. Mo rí àwọn àpò ìdọ̀họ nílẹ̀ tó ga bí òkè.

"Ìyàwó wa, fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn àpò yìí kí n fi kó ìwé."

"Háà! Bọ̀dá mi, ẹ máa bà á jẹ́!"

Ó wọ yàrá, ó mú àpò ọ̀rá méjì jáde. Ó kó ìwé mi sínú ọ̀kan. Ó rọra kó ìdọ̀họ sínú èkejì, ó to ìgò lé e, ó ki wáyà bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó so ó lẹ́nu kóró-kóró, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun gbé e dé yàrá ẹ̀yìn. Ọwọ́ mi ò gbé e. Mo ní kó bá mi gbé e lé orí. Wáyà inú rẹ̀ gún mi ní àtàrí.

"Ìyàwó wa, ṣé òṣùká wà nínú ilé yìí?"

Ó ronú díẹ̀.

"Ó wà nínú àpò orí yín, Bọ̀dá mi."