Ta Ló Ń Fọ Ẹnu Àwọn Àgbà Wa?

Àbẹ̀wò àwọn aláṣẹ sí ilé ìtọ́jú arúgbó l'Ékìtì ti parí, wọ́n ti pín ìrẹsì, wọ́n ti ya fọ́tò. Kò sí aláṣẹ kan tó mú dókítà eléyín dání, kò sì sí èyí tó bi àwọn olùtọ́jú bí wọ́n ṣe ń fọ ẹnu ẹni tí kò lè gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè. A ti sọ ọ́, a tún ń sọ ọ́: ẹ kọ́ wọn ní ìtọ́jú ẹnu kí ẹ tó fi àgbà lé wọn lọ́wọ́.

Bí àgbà Èkìtì bá kọ iyán, wọ́n á ní ogbó ló dé. Ẹ yẹ ẹnu rẹ̀ wò ná. Ó lè jẹ́ erìgì tó wú, ó lè jẹ́ eyín àtọwọ́dá tó ń ha á. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, oúnjẹ a máa há sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ náà, kò sì ní mọ̀. Bó bá sùn bẹ́ẹ̀, kòkòrò ẹnu lè bá itọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó di òtútù àyà. Òtútù àyà yìí ń pa arúgbó.

Kí àgbà jókòó dáadáa, kí orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Bí ẹ bá dá orí rẹ̀ sẹ́yìn, omi á pá a lórí. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride (èròjà tó ń dáàbò bo eyín) bí ẹyọ ẹ̀wà kan, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kí ti alẹ́ má yẹ̀. Ẹni tí kò léyín mọ́ ńkọ́? Gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò, tí a rẹ sómi ni kí ẹ fi nu erìgì àti ahọ́n rẹ̀.

Eyín àtọwọ́dá ni wọ́n ń bà jẹ́ jù. Ẹ bọ́ ọ lálẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ lásán fọ̀ ọ́ lórí abọ́ omi, kó má baà fọ́ bó bá já bọ́, kó sì sun inú omi tútù mọ́jú. Omi gbígbóná á wọ́ ọ, kò ní bá ẹnu mu mọ́. Ọṣẹ ìfọyín á ha ara rẹ̀, ojú ibi tó ha náà ni kòkòrò á sì fi ṣe ilé. Ẹ kọ orúkọ sí ike tí eyín oníkálukú ń sùn sí.

Ẹ má sọ fún wa pé owó kò sí. Owó wo ni gọ́ọ̀sì àti búrọ́ọ̀ṣì ń ná ìjọba? Ilé ìwòsàn ńlá wà l'Ádó-Èkìtì, ó wà n'Ídó-Èkìtì. Kí wọ́n rán àwọn dókítà eléyín lọ kọ́ àwọn olùtọ́jú, kí wọ́n yẹ ẹnu gbogbo àgbà wò lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ilé tó bá kọ̀, kí wọ́n má tún ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣe.