Tábìlì kì í ṣe odó

Òkun o, ẹ̀yin ará ilé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti mọ ọ̀rọ̀ mi. Kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe ní rìhásà?" Èsì táwọn ọmọ tá a jọ ń ṣeré ní Kàbà, nílẹ̀ Òkun, máa ń fún mi tí mo bá ní kí wọ́n wá dánra wò nìyẹn, ó sì ti sú mi.

Nínú eré wa kan, ọmọbìnrin kan ní láti máa gúnyán, kó sì máa bá ìyá ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Ọmọ Òkun wo ni wọ́n ń kọ́ níyán gígún? Torí náà, a ò gbé odó wá síbi ìdánrawò. Tábìlì la fi ṣe odó, ọwọ́ lásán ló ń jù sókè sódò. Lọ́jọ́ eré, odó gidi dé. Gbì! Gbì! Gbogbo ohun tó ń sọ ni ọmọ odó ń gbé mì. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń pariwo pé àwọn ò gbọ́. Èémí rẹ̀ ò gbé e mọ́, ìyá ọkọ náà ò mọ ìgbà tó yẹ kóun fèsì. Bẹ́ẹ̀ ó mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀ o!

Kó tó di pé a gbé eré náà lọ sí Ìyàrá, a fi odó gidi dánra wò ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ló rí i pé ó sàn kóun pa ọ̀rọ̀ tó korò jù mọ́ di ìgbà tóun bá dúró láti yí iyán padà. Gbogbo ilé á dákẹ́, á sì wá sọ ọ́ wẹ́rẹ́. Kò sí nínú ìwé eré.

Àwọn kan á ní àwọn eléré alárìnjò ò ka ìwé, orí ìtàgé ni wọ́n ti ń wá ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ bíi ti Hubert Ogunde, tó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́, máa ń gbé eré kan náà kiri láti ìlú dé ìlú nígbà ayé rẹ̀ ni. Eré àná ni ìdánrawò tòní. Ẹ̀ẹ̀mejì péré làwa ń ṣeré lọ́dún.

Ti fíìmù tún burú jù. Ìyàwó tẹ́ ẹ ti jọ gbé fún ogún ọdún nínú fíìmù, àárọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, epo jẹnẹrétọ̀ sì ń jó lọ, kò sáyè ìdánrawò.

Aago mẹ́rin ni rìhásà Sátidé. Epo pupa ni ọmọbìnrin yẹn máa kiri nínú eré tuntun. Ó ti bi mí pé ṣé kẹ́ẹ̀gì tóun máa rù á kún ni, àbí á ṣófo.