Ẹ Gbé Àpérò Fágúnwà Wá sí Òkè-Igbó

Bí àwọn ọ̀mọ̀wé bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ayé Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, gbọ̀ngàn ńlá ìgboro ni wọ́n sábà máa ń lò, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló sì máa ń gba ẹnu wọn jù. A ò kóyán iṣẹ́ wọn kéré. Lọ́dún 2013, nígbà tó pé 50 ọdún tí òǹkọ̀wé náà ti papò dà, Àkúrẹ́ ni wọ́n péjọ sí láti fi rántí rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a dúró lé lórí ni pé Òkè-Igbó, ìlú rẹ̀, gan-an ló yẹ kí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti máa wáyé, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá ṣe é.

Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wá. Nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ọdẹ kan tó ń jẹ́ Àkàrà-ògùn jókòó ti akọ̀wé, ó ń rò, ìyẹn ń kọ. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìlú fi gbọ́, ni wọ́n bá ń wọ́ wá, tí èrò ń pọ̀ sí i bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Gbogbo wọn ló gbọ́ bí òun àti àwọn akọni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Kàkó, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀ àti àwọn yòókù, ṣe rìn dé Òkè Láńgbòdó. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó jókòó. Ọkùnrin tó kọ irú ìran yìí kò kọ̀wé fún ọ̀mọ̀wé nìkan.

Òkè-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1903. St. Luke's níbẹ̀ ló ti kàwé kó tó lọ sí St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. Ìlú àgbẹ̀ àti ọdẹ ni, àárín igbó ló sì wà bí orúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka Igbó Olódùmarè níbòmíràn yóò fojú inú wo igi. Ọmọ Òkè-Igbó lè na ọwọ́ sí i.

Àwọn kan yóò ní àlejò láti òkè òkun kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ wá ògbufọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ń ṣe é lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sì dí ìwàásù lọ́wọ́. Wọ́n tún lè ní kò sí ibùsùn tó pọ̀ tó. Ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Oǹdó ni ìlú náà wà. Kí wọ́n sùn ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Èyí tó ń kó wa lọ́kàn sókè jù ni ti àwọn àgbà. Ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1963 ni odò gbé Fágúnwà lọ ní Wuya, nítòsí Bídà. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 nígbà náà ti kọjá 70 báyìí. Wọ́n lè sọ bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nítorí náà, a ké sí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti ìjọba ìbílẹ̀ Ilé-Olújì/Òkè-Igbó: kí ẹ jẹ́ kí ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá jẹ́ ọjọ́ àpérò náà lọ́dọọdún. Kí ẹ ra ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ márààrún fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìlú náà. Bí ọjọ́ bá sì pé, àwọn ọmọ ilé ìwé ni kí ẹ fún ní ìjókòó iwájú.